Ìró Bàálù Lórí Òrùlé

Ẹ má bi mí pé ṣé kò sí ẹ̀rọ tó ń rí bàálù nínú kùrukùru ni. Ó wà, níbi táwọn olówó gbé ń balẹ̀. Ní pápá tiwa, redíò kan ló wà, àga kan, fèrèsé kan tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, àti èmi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá ẹni tó wà lókè sọ̀rọ̀. Bí ojú ọjọ́ bá wá dì, tí ẹni tó wà lókè kò rí ilẹ̀, etí la fi ń ríran. Àwọn tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà bàálù á pè mí lórí fóònù pé, "Ó ń kọjá lórí mi báyìí o!" Èmi náà á sì sọ fún awakọ̀ ibi tó dé. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì já wa kulẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ló wà lókè. Jẹ́jẹ́ la ń pè é, torí jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń jẹun. Ìyá wa máa ń ní bí ilé bá ń jó, Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ wá bàtà. Ó gbé dókítà eléyín tó ni bàálù náà lọ síbi ìpàdé, òun nìkan ló wá ń dá bọ̀. Ojú ọ̀run mọ́ nígbà tó gbéra. Àfi bí òjò ṣe ṣú lójijì, tí kùrukùru bo gbogbo àfonífojì, tí wọ́n sì ti pápá kejì tó lè yà sí pa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí nǹkan kan," ó wí nínú redíò. "Epo náà sì ti ń tán lọ."

"Ta ló ní kó o rí nǹkan?" Mo jágbe mọ́ ọn kó má baà gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń gbọ̀n. "Máa bọ̀ bí mo ṣe ń wí fún ẹ. Oníwàdùwàdù!"

Ó rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́, oníwàdùwàdù! Ọlọ́run ń gbọ́, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀nà náà. Bàálù á kọ́kọ́ kọjá lórí ìsọ̀ Onígẹdú, níbi tí wọ́n ti ń lagi. Lẹ́yìn náà ló máa kan ilé Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Tó bá ti dé orí ilé yẹn, kó yà sósì, kó máa sọ̀kalẹ̀, pápá ló máa bá níwájú. Ẹni tó bá yà kó tó débẹ̀, òkè olókùúta ló máa pàdé.

Mo pe Onígẹdú pé kó pa gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀, kó bọ́ síta. Mo pe ìyàwó Jẹ́jẹ́, tó ti fẹ́ẹ̀ bímọ.

"Àǹtí, mo ti wà lẹ́yìnkùlé," ó wí. "Mo ti ju agboòrùn nù, kí ariwo òjò orí rẹ̀ má dí mi létí."

A dúró. Mo gbé fóònù sórí itan, mo fa redíò súnmọ́ra.

Fóònù dún. Ìyàwó wa ni.

"Ó ti dé! Àǹtí, ó ti dé! Orí òrùlé mi gan-an ló wà! Ẹ sọ fún un kó yà!"

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ṣé mi ò wá ní mọ ìró bàálù ọkọ mi ni?"

Mo gbá redíò mú. "Jẹ́jẹ́, o ti dé orí ilé ẹ. Yà sósì. Máa sọ̀kalẹ̀."

"Mo ti ń yà. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Mi ò tíì mí tán tí fóònù tún fi dún. Onígẹdú ni. Ó ní, "Ìyá Pápá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá lórí mi báyìí."

Mo gbé! Tó bá jẹ́ orí Onígẹdú ló wà, kí wá ni ìyàwó wa gbọ́? Mo kígbe sínú redíò: "Gòkè! Jẹ́jẹ́, má sọ̀kalẹ̀ mọ́! Gòkè padà, mo bẹ̀ ẹ́!" Redíò kàn ń hó ṣììì. Mo fi oríkì tí ìyá wa fi ń jí i ní kékeré pè é, mo tún un pè. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ láti apá òkè olókùúta: gbì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn gbá pa máa ń dún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n gun òkè lọ, wọ́n bá a. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Onígẹdú ló wá sọ fún mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá redíò, omi ń ro lára rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe pa ẹ̀rọ tán ni tírélà kan tó wá kó pákó gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé Jẹ́jẹ́ lọ nínú kùrukùru, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn kíkankíkan. A wo ara wa. Kò tún sí ohun tí a fẹ́ máa wádìí.

Mi ò ní parọ́, inú bí mi. Ó bí mi débi pé mo fẹ́ lọ bá ìyàwó wa nílé, kí n fi ọ̀rọ̀ ya á lára. Tírélà! Èèyàn gbọ́ tírélà, ó ní ọkọ òun ni! Àmọ́ obìnrin tó fi gbogbo ara retí ọkọ nínú òjò, kí ni kò ní dún bíi bàálù létí rẹ̀?

Òun fúnra rẹ̀ ló wọlé wá. Ó fọwọ́ gbé ikùn, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, èkejì ò sí. Kò sunkún.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé òun ni mo gbọ́?"

Onígẹdú lanu. Mo ranjú mọ́ ọn, ó pa á dé.

Mo wo ikùn yẹn. Obìnrin tó bá gbọ́ pé ẹnu òun ló pa ọkọ òun, ṣé ó máa dúró bímọ? A máa sin ín tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ ni.

"Òun ni," mo ní. "Orí òrùlé ẹ ló wà. O gbọ́ dáadáa."

Ó mí kanlẹ̀, ó fara ti ògiri. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

"Tó bá jẹ́ orí òrùlé mi ló wà," ó wí, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, "báwo ló ṣe wá dé òkè?"

Mi ò tíì ro ìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù.

"Èmi ni mo júwe ọ̀nà òdì fún un."

Ó fọ́ mi létí. Onígẹdú fò dìde. Mo ní kó jókòó.

"O pa ọkọ mi!" Ẹkún tí kò tíì sun bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọmọ ìyá ẹ ni! Ó gbọ́kàn lé ẹ, o pa á!" Ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù mí láyà, mo dì í mú kó má baà ṣubú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Èmi ni."