Ìbọn Zakar àti Ojú Mi

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Zakar kò fi kí ara wa. Níbi tí a ti ń la ẹja ní etíkun ló ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ignaty máa ń dijú tó bá fẹ́ yìnbọn." Èmi ni Ignaty. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi ọ̀bẹ mi sílẹ̀, mo gba ilé lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, òkun ni mo máa ń wò. Nígbà tó kú lásìkò òtútù tó kọjá, ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dúró sí títí wọ́n fi gbé e jáde. Yìnyín bo fìlà mi, n kò wọlé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi le fún mi nígbà tí Fevronia, ìyàwó rẹ̀, lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé òun fẹ́ ta ìbọn Zakar ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìbọn náà ní erékùṣù wa. Mágínọ́ọ̀mù ni, irú ìbọn ńlá tí wọ́n fi ń pa béárì. Ọta rẹ̀ gùn ju ìka àárín mi lọ. Bí Zakar bá yìn ín lẹ́yìn òkè, àwọn ife ìyàwó mi a máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó máa ń ta ẹni tó bá yìn ín nípàá débi pé awò tí wọ́n fi ń wo ohun tí wọ́n fẹ́ yìn, tó wà lórí rẹ̀, ti gé Zakar fúnra rẹ̀ lókè ojú rí, àpá náà sì tẹ̀ bí oṣù tuntun. Àpá yẹn máa ń dùn mọ́ mi nínú.

Ṣùgbọ́n béárì kan ti ń wá sí ahéré tí mo ti ń yan ẹja. Ó kọ́kọ́ fa ilẹ̀kùn ya. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó wó ògiri kan, ó sì kó ìdajì ẹja sámọ́ọ̀nù tí à bá máa jẹ títí yìnyín yóò fi yọ́. Mo gbé fìlà mi sínú ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àyè ṣì ṣẹ́ kù yí i ká. Ìbọn àgbọ̀nrín ni mo ní nílé. Mo wo ìbọn mi, mo wo ipa ẹsẹ̀ yẹn, ó ṣe mí bí ẹni tó di igi ìṣáná mú.

Marfa, ìyàwó mi, ní, "Lọ ra ìbọn obìnrin yẹn."

"Ìbọn Zakar?"

"Zakar ti kú. Béárì ni kò tíì kú."

Mo lọ. Fevronia ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kò sì ga ju èjìká mi lọ.

"Ọmọ Pavel," ó ní, "mo ti rò pé o gbàgbé ibi tí ilẹ̀kùn wa wà."

"Ìbọn ni mo wá wò, màmá."

"Ṣé mo ní èmi lo wá wò ni? Jókòó, kọ́kọ́ mu tíì."

Ó tú ìbọn náà jáde nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Níbi tí Zakar ti máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, igi rẹ̀ ti dán bí òkúta odò. Mo gbé e. Ọwọ́ mi lọ sílẹ̀ díẹ̀ nítorí bó ṣe wúwo tó.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnìkan kì í ra ìbọn láì yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní etí odò. Ẹni tó ń tà á ló sì máa ń ki ọta sí i, nítorí ìbọn ṣì jẹ́ tirẹ̀. Àwa méjèèjì lọ. Àgbá epo kan tó ti dípẹtà wà lódìkejì odò, òun ni a fẹ́ yìn.

Mo yìn ín. Bí ẹni pé òkè là sí méjì ni. Ó ta mí nípàá ní èjìká, fìlà mi fò, ariwo náà sì lọ kan òkè mẹ́ta kó tó padà sọ́dọ̀ wa. Gbogbo ẹyẹ odò náà gbéra. Àgbá kò mira.

"Òkun lo yìn," Fevronia ní. "Bóyá a ó rí ẹja mú bọ̀."

Ó kẹ́yìn sí mi, ó ki ọta kejì. Mo di ìbọn náà mọ́ra gírígírí, mo fà á. Ó kàn dún "tó" díẹ̀ ni. Kò bú. Síbẹ̀ èjìká mi ti fò, ẹnu ìbọn sì ti dojú kọ ilẹ̀. Mo la ojú mi. Ìgbà tí mo là á ni mo tó mọ̀ pé mo ti di í.

Kò rẹ́rìn-ín. "Kòròfo ọta ni mo fi sí i. Bí Zakar ṣe ń dán ara rẹ̀ wò nìyẹn lẹ́yìn tí awò gé e. Odidi ọdún kan ló fi ń dijú. Ó fẹ́ wá sọ bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ àṣà náà fún ẹ ní kọ̀rọ̀, àmọ́ òkun lò ń wò."

"Kọ̀rọ̀ ló yẹ kó ti kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Òótọ́ ni. Ẹnu ọkọ mi kò dáa."

Ọta kan ṣẹ́ kù. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó jókòó lórí òkúta, ó ká gèlè rẹ̀ sí èjìká. Ojú rẹ̀ ni mo ń wò. Ìbọn náà dún, ara rẹ̀ sún lọ sẹ́yìn bí koríko inú afẹ́fẹ́, ó sì padà. Ojú yẹn kò ṣẹ́. Àgbá náà gbéra nílẹ̀, ó yí po, ó ṣubú sínú odò.

Mo ro ó. Bí mo bá ra ìbọn yìí pẹ̀lú ojú dídì, béárì tó fara gbọgbẹ́ ni màá rí rà.

"N kò ní rà á," mo ní.

"Mo mọ̀."

Mo he fìlà mi nílẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ lè bá mi ṣọ́ ahéré mi?"

"Màá wá. N kò gba owó. Ṣùgbọ́n lọ bá Zakar ní ibojì, kí o sọ fún un pé òótọ́ ló sọ."

Òkun ni mo wò. Mo ní, "Mo gbọ́."

Ní òwúrọ̀ kejì, ó jókòó lórí báàfù tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Béárì náà jáde láti inú igbó. Ó rí wa, ó fi ẹsẹ̀ méjì dìde, orí rẹ̀ sì ga ju òrùlé ahéré lọ. N kò rí ohun alààyè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì gbàdúrà láti tún rí i. Fevronia dúró títí béárì náà fi sọ ẹsẹ̀ iwájú kalẹ̀ tó sì bọ̀ wá bá wa. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ẹranko náà jókòó bí àgbàlagbà tó ti rẹ̀, ó sì gbé orí lélẹ̀. Mo kíyè sí i pé mo ti ṣí fìlà lórí.

Mo lọ sí ibojì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo sọ fún Zakar pé òótọ́ ló sọ. Mo sì fi kún un pé kò yẹ kó sọ ọ́ níbi tí a ti ń la ẹja.