Ìrora Tó Lọ

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni bọ̀ọ̀dá fi wọ yàrá àyẹ̀wò. Ó ní àyà tó ń dun òun lánàá ti fi òun lọ́rùn sílẹ̀, mímí tó ń ṣòro fún òun díẹ̀ ló kù, ẹnu ìyàwó òun ló sì lé òun wá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ dókítà ọkàn níbẹ̀, ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Wẹ́dà ni bọ̀ọ̀dá. Irin tó ń jó ló fi rán àbúrò yìí níwèé títí ó fi di dókítà.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ àná, níbi tó ti ń jó géètì kan, ó ní nǹkan wúwo jókòó sí òun láyà, ó ń fà lọ sí apá òsì, òógùn sì bò ó. Ó ní inú kíkún lásán ni. Ó mu omi gbígbóná, ó nà sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì jẹ́ kí wọ́n pe àbúrò òun, kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ìrora náà rọlẹ̀. Ó jẹun, ó sùn.

Dókítà lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dí, tí ẹran ọkàn ń joró ṣùgbọ́n tí kò tíì kú, ìlà orí bébà á gbé èjìká sókè. Wọ́n á sáré la ọ̀nà náà, wọ́n á sì rí púpọ̀ gbà là. Bébà tó wà lọ́wọ́ dókítà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo iwájú ọkàn pátá, ìlà ń rì jìn wọlẹ̀, agbára àtidìde kò sí. Iná tó ń mú ọkàn lù kì í ràn nínú ẹran tó ti kú.

"Dókítà mi, ó ti san, àbí?"

Irọ́ ti dé ètè dókítà, ó gbé e mì.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kì í ṣe pé ó san. Ibi tó ń dùn yín yẹn ló ti kú."

Bọ̀ọ̀dá tẹjú mọ́ àjà. "Ká ní mo wá lánàá ńkọ́?"

"À bá rí púpọ̀ gbà là níbẹ̀."

Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ra. "Má sọ ti àná yẹn fún ìyàwó mi. Á máa rò pé òun ni kò tètè gbé mi wá."

Ìyàwó náà bi dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an bóyá ìbá sàn ká ní àwọn wá lánàá. Ó wò ó lójú, ó ní àná àti òní, ọ̀kan náà ni.

Wọ́n dá bọ̀ọ̀dá dúró sílé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ibi tó kú lára ọkàn náà ti rọ̀. Bí bọ̀ọ̀dá ṣe ń gbára dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ya. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni rí ṣe sí i, ó kú.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló pe ìyá wọn lórí fóònù. Màmá béèrè bóyá ọmọ òun jẹun kó tó lọ. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹun.