Àga Tó Wà Lábẹ́ Báàgì Odessa

Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀, Renita ọmọ mi ní kò tó àkókò tí mo fi ń mu kọfí. Kí ló wá dé tí ẹnu mi fi gbẹ báyìí, tí àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn bíi ti ọmọ tí tíṣà pè jáde níwájú kíláàsì? Ẹni mélòó ló kù kó kàn mí? Ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ẹ̀, obìnrin tó wọ búláòsì funfun yẹn. Lẹ́yìn obìnrin yẹn... èmi. Àbí ẹlòmíì wà láàárín? Ọlọ́run, jẹ́ kí ẹlòmíì wà láàárín.

Odò Kessick ló pín wa níyà. Ohun tí màá sọ nìyẹn. Orúkọ mi ni Alton Spruill, ará Pruitt ni mí, èmi ni mo ń wa ọkọ̀ ìsọdá ìjọba lórí odò Kessick títí mo fi fẹ̀yìn tì. Odò yẹn ló ya àwa àti àwọn ará Sandy Bend sọ́tọ̀. Ìgbé ayé wa ò pọ̀ mọ́ra, ohun tí à ń wá ò jọra... Mo ti há a sórí. Mo kà á fún dígí ilé ìwẹ̀, mo kà á fún ajá mi. Ajá yẹn dìde, ó lọ sùn sí ẹ̀yìn ilé. Ajá tí mo ń fún lóúnjẹ!

Ó dáa. Jẹ́ kí n tún un rò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ilé ẹjọ́ ló ní kí wọ́n tún ààlà àwọn ẹkùn ìdìbò ìpínlẹ̀ wa yà, kí ìdìbò oṣù kọkànlá tó dé, tí gbogbo ìpínlẹ̀ máa yan gómìnà àti àwọn aṣòfin lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó ń ya máàpù ti gbé tiwọn wá, wọ́n ní odò ni ààlà. Àwa tí a wà ní Pruitt, ní ìwọ̀-oòrùn odò, a ṣì wà nínú ẹkùn Renita ọmọ mi, aṣòfin wa. Wọ́n tún fi àwọn ilé tuntun tó wà lójú títì márosẹ̀ kún un, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ dáadáa, tí àga ẹ̀ nílé aṣòfin á fi dúró digbí. Sandy Bend tó wà lódìkejì ńkọ́? Wọ́n fà á gùn títí dé etí òkun, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ àwọn olówó tó kọ́lé ìsinmi síbẹ̀. Kí ni ará etí òkun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Sandy Bend ṣe? Ìbò wọn á wọ inú ìbò àwọn yẹn, á sì rì síbẹ̀.

Tí máàpù yìí ò bá sì dúró, Renita máa fìdí rẹmi. Kò fi pa mọ́ fún mi. Ó jókòó ní kíṣìnì mi, ó gbájú mọ́ ife tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, omi ń dà lójú ẹ̀. Renita! Ọmọ tó já bọ́ lórí igi, tí apá ẹ̀ ṣẹ́, tó ní kí n má sáré mọ́tò jù, ara òun le. Dádì, ó ní, ẹnu ará ìlú ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ máàpù wò ti máa ń fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ní ará ìlú ló máa dìde, táá sọ fún wọn pé àwọn báyìí ló jọ ń gbé ayé pọ̀, àwọn báyìí ò sì jọ gbé pọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, adájọ́ á kà á. Ó wá gbé ojú sókè: "Ta ló mọ odò yẹn tó yín, Dádì?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló mọ̀ ọ́n tó mi. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n yìí ò tíì parí. Iná yẹ́lò tó ń sọ pé àkókò fẹ́ tán ti tàn lórí tábìlì alága, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́. Máa sọ ọ́ lọ, ọ̀rẹ́ mi. Sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣé kí n dìde lọ ilé ìtọ̀ ni? Kí wọ́n pe orúkọ mi, kí wọ́n má rí mi? Wọ́n á fo orúkọ mi, ó parí. Renita á wo àga mi, á rí i pé ó ṣófo... Rárá. Jókòó, Alton. Àgbàlagbà ni ọ́.

Má wo apá òsì. Má wo apá òsì, torí Odessa wà níbẹ̀.

Mo ti wò ó. Ó wà ní ìlà iwájú, nínú kóòtù búlúù dúdú tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sítíkà aláwọ̀ ọsàn ló lẹ̀ mọ́ àyà. Ọsàn ni ti àwọn tí ò fẹ́ máàpù yìí. Àwọn tó fẹ́ ẹ, búlúù ni tiwọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pín in, bóò bá sì mú ọ̀kan, wọn ò ní kọ orúkọ ẹ mọ́ ti àwọn tó máa sọ̀rọ̀. Mo mú búlúù. Mi ò lẹ̀ ẹ́ máyà. Inú fìlà mi ni mo lẹ̀ ẹ́ sí. Mo sọ fún ara mi pé tí wọ́n bá pè mí, màá yọ ọ́, màá lẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ta ni mò ń tàn jẹ?

Àbúrò mi ni Odessa. Àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé. Ìyà wo ló wá tóyìí?

Lọ́yà Renita, Whitt, òun ló kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Ọkùnrin náà ò burú, ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ má mẹ́nu ba ṣọ́ọ̀ṣì o, Ọ̀gbẹ́ni Spruill." Mo bi í pé nítorí kí ni. Ó ní tí n bá ti dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bi mí nípa Ọjọ́ Ìsinmi Karùn-ún, gbogbo ẹ̀ á sì tú. Ó ti wádìí wa dáadáa. Oṣù tó bá ní Ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dá sìn lọ́jọ́ karùn-ún yẹn. Pruitt àti Sandy Bend, gbogbo wa la máa ń pé sí ojú kan. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, àwọn á sọdá wá. Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn, àwa á sọdá lọ. Mọ́tò méjì péré lọkọ̀ mi ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn obìnrin á gbé páì ọ̀dùnkún lé orí itan, ìkòkò adìyẹ díndín á wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, gbogbo ojú omi á máa ta sánsán. Àwọn tó ti sọdá á ti bẹ̀rẹ̀ orin létí omi lọ́hùn-ún, àwọn tí ò tíì sọdá á gbà á láti ìhín. Èmi ni mo wà láàárín. Àtìhín àtọ̀hún, etí mi méjèèjì ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Whitt tún bi mí, "Ṣé ẹ ní ẹbí lódìkejì?" Mo ní... kí ni mo tiẹ̀ sọ? Mo ní, "Ẹnìkan báyìí."

Ẹnìkan báyìí! Ilé tí wọ́n bí mi sí, Sandy Bend ló wà. Ìyàwó ló gbé mi wá sí Pruitt. Bàbá mi àti ìyá mi wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Odessa tí mo gbé pọ̀n sẹ́yìn lọ sí iléèwé nígbà tí bàtà ẹ̀ já, òun ni mo pè ní ẹnìkan báyìí lójú ọkùnrin tí mi ò mọ bàbá ẹ̀. Ẹnu mi yìí.

Obìnrin aláwọ̀ funfun... obìnrin tó wọ funfun yẹn ni mo fẹ́ sọ, ó ti dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òun ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Èmi ló kàn. Olúwa mi.

Ọmọ mi ni Renita. Kí ni kí n ṣe? Kí n jókòó, kí wọ́n yọ ọmọ mi dànù? Òun ló jà fún ọkọ̀ ìsọdá yẹn nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ gbé e kúrò, pé owó ńlá ló ń jẹ, àwọn èrò ò sì pọ̀. Renita dìde nílé aṣòfin, ó ní ará òun wà ní ìhín, ará òun wà lọ́hùn-ún, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ni Odessa ń wọ̀ wá sí Pruitt, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wá síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Tí kò bá sí ọkọ̀, á yípo gba orí afárá, ọ̀nà jíjìn réré, pẹ̀lú bó ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá ti yọ abẹ́rẹ́ lára ẹ̀. Tí odò bá wá di ààlà... tí òdìkejì ò bá jẹ́ ti Renita mọ́... ta ló máa jà? Mo bi í. Ó ní, Dádì, màá ṣì jà fún un. Àmọ́ ife ọwọ́ ẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó mọ̀. Ọmọ mi mọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń bà mí, àwa méjèèjì wá fẹ́ fi odò bojú.

Ṣé Odessa sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ? Rárá. Kò lè mọ̀. Tó bá mọ̀, ṣé á wá bá mi báyẹn? Bó ṣe wọlé ló gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, mo ti jókòó, fìlà wà lórí orúnkún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá mi, táì yín yìí ń wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń wá olè." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tún un ṣe fún mi lójú gbogbo ayé, òórùn òróró ìpara tí ìyá wa máa ń lò wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wá wo ìsàlẹ̀, ojú ẹ̀ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Bàtà mi ni, mi ò kun ún, ojú tì mí. Ó fọwọ́ tẹ táì náà mọ́ àyà mi, bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́kún. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nígbà tó ní, "Mo ti gba àga sílẹ̀ fún yín níwájú. Tẹ́ ẹ bá sọ tiyín tán, ẹ wá jókòó tì mí." Ó sì lọ.

Báàgì ẹ̀ ló fi gbà á. Báàgì dúdú ńlá yẹn ló wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo nìyẹn: nílé ìsìnkú, níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ní Ọjọ́ Ìsinmi Karùn-ún tí mo bá ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Màá wọlé pẹ̀lú bàtà tútù, gbogbo àga á ti kún, báàgì Odessa á wà lórí ọ̀kan. Mo rí obìnrin kan tó fẹ́ jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Odessa wò ó títí tó fi wábi gbà.

Tí n bá sọ̀rọ̀ yìí tán, níbo ni màá jókòó? Ojú wo ni màá fi wò ó?

Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún obìnrin yẹn. Iná pupa tàn. Alága ń yẹ orúkọ wò. Mú fìlà ẹ, Alton, yọ sítíkà yẹn...

Fìlà mi dojú sókè.

Inú ẹ̀ ló kọjú sókè lórí orúnkún mi, sítíkà búlúù yẹn là gbàgà síbẹ̀, ó tóbi tó ẹnu ife. Àtìgbà tí mo ti jókòó ló ti wà báyìí. Mi ò yí i padà rárá.

Kì í ṣe bàtà mi ló wò.

Ó rí i. Ó rí i, ó tún táì mi ṣe. Ó rí i kó tó sọ̀rọ̀ àga. Mo ti ń bẹ̀rù láti àárọ̀ pé kó má lọ mọ̀, ó sì ti mọ̀ kí àga tó gbóná lábẹ́ mi. Mo wo apá òsì. Báàgì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan nà ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wá ibi jókòó, Odessa sì gbọ́wọ́ lé báàgì náà, kò wo ẹ̀yìn. Èmi ló ń gbà á dè. Èmi tí mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe ará mi.

"Ọ̀gbẹ́ni Alton Spruill."

Wọ́n ń pè mí. Renita ti yíjú padà, ó ń wò mí. Mo dìde. Ọmọ mi, dárí jì mí. Sítíkà wà nínú fìlà, fìlà wà lọ́wọ́ mi, mo ń rìn lọ síbi gbohùngbohùn. Ọ̀rọ̀ tí mo há sórí ti fò lọ, gbólóhùn kan ò kù níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ báyìí. Mo mọ ibi tí màá padà wá jókòó sí.