Àtẹ̀jíṣẹ́ Aago Mẹ́sàn-án

"Ìyá Abẹ́rẹ́, níbo lẹ wà?" Ohùn ọ̀gá ilé-ìwé le lórí fóònù. "Àwọn òbí ti kún ẹnu géètì mi. Ẹ̀rọ yín sọ fún wọn pé ọmọ wọn kò dé ilé-ìwé. Àwọn ọmọ náà sì rèé nínú kíláàsì, wọ́n ń kàwé."

Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde lórí àga níbi iṣẹ́, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ìwé náà ń lò. Ibẹ̀ náà sì ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń lọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ láàárọ̀ tí ọmọ kan kò jẹ́, ètò yìí ni yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án.

Kì í ṣe pé Ìyá Abẹ́rẹ́ kò mọ iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń kọ kóòdù. Nígbà kan, ó lè jókòó ti ìlà kan ṣoṣo títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n bí ojú ẹni tó gé àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọpọlọ àtọwọ́dá kan ti wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Ọ̀mọ̀ràn, ó ti dà bí ìyàwó ilé tó gba alásè, tó wá ń bu oúnjẹ fún àlejò láìtọ́ ọbẹ̀ wò. Lánàá, ó ní kí Ọ̀mọ̀ràn tún ètò náà ṣe kó lè yára sí i. Kó tó ṣẹ́jú, Ọ̀mọ̀ràn ti parí. Ó ní òun ti dán an wò nígbà ogún, kò sí wàhálà. Ìyá Abẹ́rẹ́ kí i kú iṣẹ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ẹnu géètì, ojú rẹ̀ rí nǹkan. Aránṣọ kan gbé okùn ìwọnṣọ kọ́rùn. Nọ́ọ̀sì kan kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́. Bàbá kan wà níwájú gbogbo wọn tí onígbàjámọ̀ ti fá apá kan irùngbọ̀n rẹ̀, apá kejì sì wà níbẹ̀ bí oko tí àgbẹ̀ sá fi sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ń mú àwọn ọmọ jáde ní méjì méjì, ó ń fi wọ́n han àwọn tó ni wọ́n.

"Ta ló ṣe èyí?" bàbá onírùngbọ̀n béèrè.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ ló ṣe é," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

"Ẹ̀rọ náà dà? Ẹ pè é kó wá dọ̀bálẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Abẹ́rẹ́ wo kọ̀ǹpútà tó há sí abíyá rẹ̀, ó sì rí i pé nínú òun àti Ọ̀mọ̀ràn, òun nìkan ló ní orúnkún. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Èmi ni mo fọwọ́ sí i láìkà á."

Wọ́n ní kó dìde. Ó gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì akọ̀wé ilé-ìwé, àwọn òbí sì rọ̀gbà yí i ká. Kò pẹ́ tó fi rí i. Ọ̀mọ̀ràn ti dorí ọ̀rọ̀ kodò. Òbí àwọn ọmọ tó wá ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Àwọn tí ọmọ wọn kò wá, kò sọ nǹkan kan fún wọn. Ìdánwò ogún tó ní òun ṣe náà, òun ló gbé ìbéèrè kalẹ̀, òun ló dáhùn, òun náà ló sì fún ara rẹ̀ ní máàkì.

"Ìyẹn ni pé," bàbá onírùngbọ̀n sọ, "ẹni tí kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà gan-an ni kó máa wá ọmọ rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀yin náà ní ọmọ níbí. Ṣé ẹ rí tiyín gbà?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ mú fóònù rẹ̀. Ó wò ó. Ó tún un wò, kò sí nǹkan kan. Akọ̀wé ti ṣí ìwé ìpè-orúkọ. "Ọmọ mẹ́ta ni kò wá," ó ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Abẹ́rẹ́ wà nínú wọn."

Ọkọ Ìyá Abẹ́rẹ́, tó jẹ́ káfíńtà, ló máa ń mú ọmọ lọ sílé-ìwé. Ó pè é, ó sì ṣí ohùn fóònù síta.

"Bàbá Abẹ́rẹ́, ọmọ dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá mi nu àga. Ó ní òun kò fẹ́ lọ sílé-ìwé lónìí."

"Ẹ kò sì sọ fún mi?"

"Ṣebí ẹ̀rọ rẹ máa ń sọ. Mo ti ń retí kó o pè mí pẹ̀lú ìbínú ní aago mẹ́sàn-án. Nígbà tí n kò gbọ́ nǹkan kan, mo ní ìwọ náà ti gbà."

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Bàbá onírùngbọ̀n fọwọ́ pa apá tí wọn kò tíì fá. "Ẹ lọ mú ọmọ yín, ìyá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà lọ fá ìyókù."

Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ìlà náà ṣe, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó jẹ́ kí òbí ọmọ méjì yòókù mọ̀ pé ọmọ wọn kò wá, ó fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo òbí, ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ. Ó bá Abẹ́rẹ́ lórí pákó kan, eruku igi kún irun rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò lọ?"

"Tíṣà ní ká kọ̀wé nípa iṣẹ́ tí ìyá wa ń ṣe. Mo bi yín léraléra, ẹ ní kí n bi Ọ̀mọ̀ràn. Ó kọ ọ́ fún mi, ó sì dùn gan-an. Ṣùgbọ́n òní la máa ṣàlàyé rẹ̀ níwájú kíláàsì, n kò sì mọ ohun tó ń sọ."

Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. "Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tó máa ṣe."

"Ṣé kì í ṣe Ọ̀mọ̀ràn ló ń sọ ọ́ ni?"

"Ọ̀mọ̀ràn ń kọ ọ́. Èmi ni mo máa ń kà á, kí n mọ̀ bóyá ó dáa."

"Ṣé ẹ ka tàná?"

Bàbá Abẹ́rẹ́ kọjú sí ògiri, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

"Rárá," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí.

Abẹ́rẹ́ mú pẹ́ńsù bàbá rẹ̀, ó tẹrí ba, ó kọ ìlà mẹ́rin sínú ìwé rẹ̀, ó sì na ìwé náà sí ìyá rẹ̀. "Ẹ bá mi kà á."

Ìyá rẹ̀ kà á. Ó wà níbẹ̀ gedegbe pé ẹ̀rọ ń kọ̀wé, ìyá òun ló sì ń kà á kó má bàa ṣìnà. Ìlà ìkẹyìn ni: "Lánàá, kò kà á." Ó wù ú kó pa ìlà yẹn rẹ́. Ó gba pẹ́ńsù, ó tún un kà láti òkè délẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ni ọmọ gbàgbé lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó fi sí i. Ìyókù, ó fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Ó dáa," ó ní. "Gbé báàgì rẹ."