Aago Bàbá, Ọwọ́ Bàbá

“Mú kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn wá,” ni Olúrántí wí. Kò tilẹ̀ tíì jókòó.

Hàlímátù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ híjáàbù, níbi tó máa ń fi í pamọ́ sí bí àgbà bá wà ní ìjókòó.

Yàrá náà ló ti tọ́jú bàbá wọn, Alhaji Àyànbọ́lá, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọ bàbá kan náà ni òun àti Olúrántí, ìyá ni kò pa wọ́n pọ̀. Olúrántí ni dáwódù. Ó ní ilé olókè ní Mágódò, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára yàrá kan ṣoṣo tí àbúrò rẹ̀ ń sùn ní ilé bàbá wọn ní Ìkòsí. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀sùn sí èèyàn lẹ́sẹ̀ kì í pẹ́ rí i. Aago ni Olúrántí rí.

“Daddy Ọláníyan, ẹ wò ó.” Ó ká apá ẹ̀wù, ó fi aago olóògbé tó wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀ han àbúrò bàbá wọn. “Omi ti wọnú rẹ̀. Kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí, ńṣe ni wọ́n ń yí i pa bí ìdérí ìgò kí omi má baà wọlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e fún mi lẹ́yìn fidáù, tí mo bá yí i pa láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán á ti tú. Original kì í ṣe báyẹn! Ọmọ yìí ti ta ti Bàbá, ó fi fake rọ́pò rẹ̀.”

“Ẹ̀rí wo lo ní?”

“Ẹ̀rí? Ó dáa.” Ó yí kókó náà pa lójú wọn. “Ẹ máa wò ó.”

Ó wá tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ tábìlì, ó fi gbogbo ara rọ̀ lé e, ó ń jágbe mọ́ Hàlímátù. Ó pè é ní olè. Ó ní kó wá ilé mìíràn kó tó di Sunday. Bó bá ti sọ gbólóhùn kan, á gbé ọwọ́, á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

“Wọ́n kúkú sọ ọ́! Ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà!”

“Olúrántí! Pa ẹnu ẹ mọ́!” ni Daddy Ọláníyan pariwo.

Ọ̀rọ̀ náà dun Hàlímátù wọ egungun, nítorí ìyá rẹ̀ ti kú, kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lórí tábìlì.

“Bọ̀dá, ẹ má gbé ọwọ́ yín o. Ẹ wo aago.”

Kókó ti tú.

“Ẹ rí i? Fake!”

“Ẹ̀yin lẹ ń tú u. Ọwọ́ òsì lẹ wọ̀ ọ́ sí, kókó wá kọjú sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ yín ló ń yí i. Ọ̀tún ni Bàbá máa ń wọ̀ ọ́ sí. Tó bá wà lọ́tùn-ún, ìgúnpá ni kókó á kọjú sí, nǹkan kan ò ní kàn án.”

“Irọ́! Ta ló ń wọ aago sọ́wọ́ ọ̀tún?”

“Ẹni tó ń lo òsì.”

Olúrántí bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá mi? Alhaji tó ń bá wa wí bá a bá fòsì gba nǹkan?” Ó wo Daddy Ọláníyan kó lè bá òun rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá wọn kò rẹ́rìn-ín.

“Ata ni ìyá wa máa ń fi pa ọwọ́ òsì náà fún un nígbà tó wà lọ́mọdé,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Níta, ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Tó bá ti wọ yàrá, òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá ń jókòó tì í níbẹ̀ ló lè mọ̀. Fọ́tò tí ìwọ fúnra ẹ gbé kọ́ yẹn ńkọ́?”

Fọ́tò ńlá tí Olúrántí ṣe fún àdúà fidáù wà lára ògiri lókè orí wọn. Òun ló yàn án, òun ló ní kí wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀. Bàbá wọn jókòó nínú agbádá funfun, aago ń dán lọ́wọ́ ọ̀tún.

Olúrántí wò ó títí. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kò lọ. Ó tú aago, ó fẹ́ dè é sí ọ̀tún, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ó wo àbúrò rẹ̀ bíi pé kó wá bá òun dè é. Hàlímátù kò mira.

“Gbà,” ó kùn, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. “Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán.”

Inú yàrá yẹn ni Bàbá ti máa ń sọ fún Hàlímátù pé kó má fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pamọ́ fún òun, pé ọwọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó yọ ọwọ́ òsì lábẹ́ híjáàbù, ó fi gba kọ́kọ́rọ́ lójú àgbà méjèèjì. Kò ní kí wọ́n má bínú.