Eyín Ọ̀nì Ayé Àtijọ́

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ṣebí ìṣojú yín ní kíláàsì ni mo ka ìwé ẹranko ayé àtijọ́ lánàá, tí mo bu iyọ̀ sí i pé igba ni eyín ọ̀nì ńlá yẹn? Ó wá bá mi lójú àlá. Ó jókòó sórí àga mi, ó fi awò mi sójú, ó ń ka ìwé náà.

"Tíṣà, ibo ni wọ́n kọ igba sí? Ó yá, wá kà á."

Ó la ẹnu. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ń kà. Ọwọ́ wọlé dé èjìká, mi ò tíì rí ọgọ́rùn-ún.

"Tí kò bá pé, tìẹ la ó fi kún un."

Mo ta jí. Láàárọ̀, ìyàwó mi bá mi níwájú dígí.

"Bàbá Dúpẹ́, kí lẹ ń wá lẹ́nu?"

Mo ti ka eyín mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dín ọ̀kan.