Oògùn Ọrùn Ìyá Tọ́pẹ́

Nígbà tí Àpínkẹ́ ìyàwó mi ń rìn bí ìgbín, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọrùn ń ṣe fún ara tẹ́lẹ̀, oògùn ló ń ṣe é báyìí, láràárọ̀, kó tó fẹnu kan oúnjẹ. Hóró kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò ràn án lọ́wọ́. Wọ́n sọ ọ́ di méjì. Nínú ooru tí ajá ń yọ ahọ́n, Àpínkẹ́ wọ súwẹ́tà. Ó máa ń sùn lórí ìjókòó pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìmọ́tótó, Bartholomew, alága àdúgbò wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mummy Tọ́pẹ́, gbogbo èèyàn wà nínú gọ́tà, ẹ̀yin jókòó. Ṣé ìyàwó ọba ni yín ni?"

Òun náà kò sí nínú gọ́tà.

Dókítà tuntun kan, obìnrin tó ń jẹ́ Damaris, ló bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í.

"Mummy, inú ńkọ́?"

"Ó ti ń ta mí tipẹ́. Oògùn funfun olómi tí wọ́n ń tà fún inú ríro ni mo máa ń mu lé oògùn ọrùn."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kòkòrò wà nínú ikùn rẹ̀. Dókítà ní inú ni oògùn ọrùn ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀; inú tó bàjẹ́ kì í jẹ́ kó kọjá, oògùn funfun náà sì ń dí i lọ́nà.

"Hóró méjì lẹ ń gbé mì, Mummy. Bóyá lara ń rí ìdajì."

Ó fún un ní oògùn tí yóò pa kòkòrò. Ó ní kó fi oògùn funfun sílẹ̀. Ó tún fi kún un: "Bí inú bá san, hóró méjì á pọ̀ jù. Ẹ padà wá ká yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ká lè dín in kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkàn yín ló máa fara gbá a."

Inú san. Àpínkẹ́ kò padà sọ́dọ̀ dókítà, hóró méjì ló ṣì ń gbé mì.

Kò ráyè ni. Kí n tó jí, ó ti gbá ojúlé wa. Kí n tó fọ ẹnu, ó ti gbá ti Kabirat lódìkejì. Ó wọ gọ́tà, ó kó ẹrẹ̀, ó kó ọ̀rá. Ó bá ẹni tó ń da ìdọ̀tí jà. Wọ́n fi í ṣe olórí ìmọ́tótó. Bartholomew gbé ṣọ́bìrì lé e lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò tó tún fọwọ́ kan ṣọ́bìrì.

Ó ń rù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tíì ń dà sí i lára. Bó bá dùbúlẹ̀ tì mí, àyà rẹ̀ ń lù bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata.

"Àpínkẹ́, jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún padà di ọ̀lẹ ni?"

Mo bọ́ síta. Mo sọ fún Kabirat pé tipátipá ni n ó mú un lọ. Kí n tó wọlé, alága ti gbọ́.

Ìgbìmọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́: Bartholomew, Nojeem akọ̀wé, àti Kabirat fúnra rẹ̀. Wọ́n ra bisikíìtì wá.

"Daddy, a gbọ́ pé ẹ fẹ́ dín oògùn Mummy kù."

"Dókítà ló fẹ́."

"Òjò ń bọ̀, Daddy. Odò ti ń kún. Ẹ bá wa bẹ dókítà, kó ní sùúrù títí òjò á fi dá."

Nojeem ní, "Àdúgbò kejì ti ń jowú wa gan-an."

Kabirat ní, "Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni o, Daddy. Ẹ má fọwọ́ dá a dúró."

Àpínkẹ́ jókòó láàárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Mo dìde. Mo mú ike oògùn rẹ̀ wá. Mo fi hóró méjì méjì síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Mo gbé omi tì í.

"Kí lèyí, Daddy?"

"Agbára. Ẹ gbé e mì. Lọ́la, gbogbo yín á wọ gọ́tà."

Nojeem rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bartholomew sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn.

"Háà, Daddy! Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkàn mi dúró ni?"

Kabirat ní àyà òun kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nojeem ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àpínkẹ́. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Alága, ọkàn tiyín lè dúró. Tèmi ńkọ́? Ṣé irin ni?"

Ó ṣa àwọn hóró náà padà sínú ike. Ó ní ṣọ́bìrì wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí wọ́n má gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Dókítà Damaris, kò bá wa jà. Ó gbọ́ àyà Àpínkẹ́, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, hóró méjì padà di ọ̀kan. Àyà náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojúlé wa nìkan ni Àpínkẹ́ ń gbá.

Ìgbìmọ̀ ṣèpàdé lórí ẹni tí yóò gbé ṣọ́bìrì. Wọ́n tún ṣe òmíràn. Òjò kò dúró de ìparí ìpàdé.

Omi wọ ilé gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀dì wa wà lórí búlọ́ọ̀kù. Àpínkẹ́ sùn lórí rẹ̀, oorun àsùnwọra. Láti ojú fèrèsé, mo rí Bartholomew lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi abọ́ gbọ́n omi jáde.

Ó yára gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni kò lo oògùn ọrùn kankan.